Ta ló kọ orin náà? Ìdáhùn fún elégbè kan ní Ìbàdàn

Lẹ́tà tó wọlé sí mi lọ báyìí:

“Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gberin lẹ́yìn ọ̀gá mi, òde ìnáwó la máa ń lọ lópin ọ̀sẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn orin tí ọ̀gá ń kọ lóde báyìí, èmi ni mo kọ wọ́n, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Màmá mi ní kí n wá iṣẹ́ gidi ṣe, pé ẹni ẹ̀yìn kì í di ẹni iwájú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Tiwa Savage náà gberin rí. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé iṣẹ́ ni iṣẹ́ elégbè, àbí ìránṣẹ́ ni wá? Báwo ni mo ṣe máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ orin mẹ́ta yẹn tí kò fi ní dà bíi pé aláìmoore ni mí?”

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ìbéèrè pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń dùn ọ́ jù, ọ̀rọ̀ orin mẹ́ta yẹn ni. Èmi náà gberin fún ọdún 21 kí n tó jókòó máa kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ohùn. Ohun tí ojú mi rí ni màá fi dá ọ lóhùn, pẹ̀lú ìtàn àwọn tó rìn ọ̀nà yìí jìnnà jù mí lọ.

Kí a tó lọ jìnnà, padà wo ohun tí o kọ. O ní “àwọn orin tí ọ̀gá ń kọ”, o tún ní “èmi ni mo kọ wọ́n”. Ọ̀rọ̀ kan náà lo lò fún iṣẹ́ méjì. Bí èdè wa ṣe rí nìyẹn: ẹni tó fi ẹnu kọ orin, ó kọ orin, ẹni tó jókòó lóru tó wá ọ̀rọ̀ orin, tó wá ohùn rẹ̀, òun náà kọ orin. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń fi ẹ̀tọ́ wa dù wá láìmọ̀. Wọ́n á béèrè pé “ta ló kọ orin yìí?”, wọ́n á na ọwọ́ sí ẹni tó di gbohùngbohùn mú, ọ̀rọ̀ bùṣe. Nínú ìdáhùn yìí, màá máa sọ pé ẹnì kan *hun* orin, ẹlòmíì *fi ẹnu kọ* ọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà dà rú mọ́ wa lójú.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Tiwa Savage. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ tán. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1980. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó bá ìyá rẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ ní London. Trombone ló ń fọn nílé ìwé níbẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 16, ó ti ń gberin fún George Michael, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìgbà náà ó gberin fún Mary J. Blige. Ibí yìí ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa ń dúró sí. Wọn kì í sọ pé ó lọ kàwé nípa iṣẹ́ òwò ní Yunifásítì Kent, pé ó ṣiṣẹ́ báńkì, pé ó lọ díje nínú X Factor ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2006, tí wọ́n ń yọ èèyàn kúrò títí ó fi ku ẹni 24, tí wọ́n wá yọ òun náà. Wọn kì í sì sọ pé ó lọ kọ́ iṣẹ́ orin ní Berklee ní ìlú Boston, tó gboyè níbẹ̀ ní 2007.

Ohun tí mo fẹ́ kí o di mú jù ṣẹlẹ̀ ní 2009. Ọdún yẹn ló tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Sony/ATV Music Publishing. Ilé iṣẹ́ yìí kì í gbé àwo jáde o. Iṣẹ́ tiwọn ni láti tọ́jú orin fún ẹni tó hun ún, kí wọ́n wá olórin tí yóò fi ẹnu kọ ọ́, kí wọ́n sì gba owó rẹ̀ wá níbikíbi tó bá ti dún. Ó wà lára àwọn tó hun Collard Greens & Cornbread tí Fantasia, olórin Amẹ́ríkà, fi ẹnu kọ sínú àwo rẹ̀ ti 2010. Ọdún 2010 yẹn náà ni orin tirẹ̀, Kele Kele Love, jáde, tí àwa nílé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara wa pé ọmọ ta nìyí. Kí a tó béèrè, orúkọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ orin olórin.

Ṣé o rí i? Wọ́n sọ fún ọ pé ó fo láti ẹ̀yìn bọ́ síwájú. Kò fò. Ibì kan wà láàárín méjèèjì tó fẹsẹ̀ tẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ náà sì ni ìwọ dúró sí báyìí, àfi pé tirẹ̀ wà nínú ìwé, tìrẹ wà ní ẹnu ọ̀gá.

Lórí pé ṣé iṣẹ́ ni àbí ìránṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí aṣọ òfì híhun ṣe jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Orin tiwa ò tilẹ̀ lè dá rìn láìsí i. Ìbáà jẹ́ jùjú, ìbáà jẹ́ fújì, wákà tàbí orin ìyá ìjọ, lílé àti gbígbè ni. Ẹni tó lé orin tí kò rí ẹni gbè é dà bí ẹni tó kí ará ilé tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ ẹ. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwa dé. Tí o bá ń wo King Sunny Adé níbi tó ti ń ṣeré, má wo gìtá rẹ̀ nìkan, wo ìlà àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n ń dá a padà ní ohùn bíi mẹ́ta láìsí ẹni tó ṣíwájú ẹnì kejì.

Ohun kan wà tí elégbè Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ tí elégbè Òyìnbó kò ní láti mọ̀. Jẹ́ kí n fi hàn ọ́. Ká ní ọ̀gá lé orin pé “ọkọ̀ mi dé”. Re-do-re-mi ni. Ìwọ elégbè wá fẹ́ gba ohùn kejì. Tí o bá ṣe bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ àwọn aláàtò, ìyẹn àwọn tó ń gba ohùn alto, ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí o di ohùn kan mú kí o má kúrò lórí rẹ̀ bí ọ̀gá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, o ti kọ “ọkọ mi dé”. Mọ́tò ọ̀gá ló dé, ìwọ ń kí ọkọ káàbọ̀! Mo ti gbọ́ ọ lójú agbo, àwọn àgbà obìnrin tó jókòó níwájú sì rẹ́rìn-ín títí. Ohun tó yẹ ni pé bí ọ̀gá bá ń lọ re-do-re-mi, kí ìwọ máa bá a lọ lókè rẹ̀, fa-mi-fa-so. Bó bá sọ̀, o sọ̀. Bó bá gòkè, o gòkè. Ọ̀rọ̀ yóò dúró bó ṣe wà, ohùn yóò sì di méjì. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti ń kọ orin báyìí láti ayé baba wọn, kí ẹnikẹ́ni tó gbé dùùrù wọ ilẹ̀ wa. T. K. E. Phillips tó jẹ́ ọ̀gá olórin ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ọ̀rọ̀ yìí jà, nítorí pé ohùn orin Òyìnbó tí wọ́n gbé wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ń yí ìtumọ̀ orin ìsìn padà.

Ìyẹn ò ì tíì kan ti gbohùngbohùn kan tí ẹni mẹ́ta ń lò. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ń ta, yóò sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan, ẹni tí ohùn rẹ̀ rọ̀ yóò súnmọ́ ọn. Ẹ ó jọ mí síbì kan náà, ẹ ó jọ pa ẹnu dé níbì kan náà. Tí ẹnì kan bá pe “ẹ” tó ya ẹnu gbàgà, tí èkejì pe tirẹ̀ tó fún ẹnu pọ̀, gbogbo rẹ̀ á dọ̀tí. Ọdún mélòó ló gbà ọ́ láti mọ gbogbo èyí? Ṣé ìránṣẹ́ ló ń mọ irú rẹ̀?

Sọ fún màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kì í ṣe dandan kí ẹni ẹ̀yìn fẹ́ bọ́ síwájú. Lisa Fischer, elégbè kan ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀bùn Grammy ní 1992 fún orin tirẹ̀. Ó lè dúró síwájú títí ayé. Láti 1989 títí di 2015, ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones ló ń bá rìn káàkiri ayé, tó ń gberin fún wọn, nítorí pé iṣẹ́ tó wù ú nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè pe obìnrin yẹn ní ìránṣẹ́.

Àmọ́ ní ti owó, màmá rẹ ò jẹ̀bi. Owó elégbè, owó òde ni. O lọ, o gbà; o ò lọ, o ò gbà. Owó tí wọ́n ń ná fún ọ̀gá lójú agbo, ohun tó bá wù ú ni yóò yọ níbẹ̀ fún yín. Nígbà tí ọ̀fun mi dá iṣẹ́ sílẹ̀, oṣù márùn-ún gbáko ni dókítà ní mi ò gbọdọ̀ kọrin. Ọjọ́ tí ohùn mi dákẹ́ náà ni owó mi dákẹ́. Orin tí ènìyàn hun kò rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣàìsàn. Nickolas Ashford àti Valerie Simpson pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Harlem, ní New York, wọ́n jọ ń hun orin. Valerie gberin fún ọ̀pọ̀ olórin, ó sì gba owó ọjọ́ tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló hun Ain't No Mountain High Enough. Marvin Gaye àti Tammi Terrell fi ẹnu kọ ọ́ ní 1967, ó gbayì. Diana Ross tún un kọ ní 1970, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Olórin yí padà, àwọn tó hun ún ò yí padà, owó sì ń bá wọn nílé.

Ìtàn méjì kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ọmọ tó bá wá kọ́ ohùn lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀kan ni ti Clare Torry. Ọmọ London ni, ó ń hun orin, ó sì ń kọrin nínú studio fún ẹni tó bá pè é. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kìíní 1973, ẹgbẹ́ olórin Pink Floyd pè é wá sí Abbey Road. Orin dùùrù kan wà tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi lé e. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n kọ fún un. Wọ́n ní kó ṣáà kọrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń rọ̀ ọ́, ó ń gbé e sókè, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo níbẹ̀, àmọ́ tí o bá gbọ́ ọ, ara rẹ á bù máṣọ. Pọ́n-ùn 30 ni wọ́n san fún un, ìlọ́po méjì owó ọjọ́ lásán, torí pé ọjọ́ Àìkú ni. Ó lọ sílé. Orin yẹn, The Great Gig in the Sky, wọ inú ọ̀kan lára àwọn àwo tó tà jù lágbàáyé. Orúkọ Richard Wright tó tẹ dùùrù nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó hun ún. Ó di 2004 kí Clare tó lọ sí kọ́ọ̀tù. Ní 2005, wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti ń jáde lábẹ́ orin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Richard Wright. Láti 1973 sí 2005, ọdún 32.

Èkejì ni ti Luther Vandross, olórin Amẹ́ríkà. Ní 1974, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Carlos Alomar tó ń ta gìtá fún David Bowie, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú un lọ sí studio Sigma Sound ní Philadelphia kó lọ wòran. Níbi tó jókòó sí, ó ń sọ fún ìyàwó Carlos pé ká ní wọ́n fi ègbè báyìí báyìí sí i, yóò dùn. Bowie gbọ́. Kò bínú, kò sì dákẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó ní kó wá ṣe ètò ègbè náà. Luther tún ní orin kan tó ti hun fúnra rẹ̀. Bowie bá a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, ó di Fascination nínú àwo Young Americans ní 1975, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ìyẹn dín Bowie kù? Luther tún gberin fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i kí àwo tirẹ̀, Never Too Much, tó jáde ní 1981. Mo ń fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ nípasẹ̀ rẹ.

Ti èmi náà rèé. Lọ́dún kan ní Èkó, wọ́n pè mí sí studio lálẹ́ láti gberin fún olórin kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní ibì kan ṣófo láàárín orin, kí n ṣáà fi nǹkan sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo fi sí i, pẹ̀lú ohùn tí màmá mi máa ń fi rẹ̀ mí lẹ́kún nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n fún mi lówó ọkọ̀ àti ìrẹsì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo dúró níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, DJ lu orin yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń pariwo ọ̀rọ̀ mẹ́rin màmá mi. Ẹnì kan fà mí lọ́wọ́ pé kí n jó. Mo jó. Mo sunkún nílé. Mi ò ní ìwé, mi ò ní téèpù, mi ò ní ẹlẹ́rìí àfi ẹni tó jẹ mí ní gbèsè. Ohun tó mú kí n dá ọ lóhùn gùn báyìí nìyí.

Nítorí náà, tẹ́tí. Orin kọ̀ọ̀kan, nǹkan méjì ni lójú òfin: orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹnì kan hun, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní studio. Ọ̀gá rẹ lè ni ìkejì. Kò di ẹni tó ni ìkínní nítorí pé òun ló fi ẹnu kọ ọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tiwa, Copyright Act 2022 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó hun orin wà títí ó fi máa kú, yóò sì tún wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó fún ẹni tó ń kọrin náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí ohùn rẹ̀. Ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni ò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ pátápátá àfi nípa ìwé tí o bá fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó, oúnjẹ tí ọ̀gá ń fún ọ jẹ ò tó.

Ìwé nìkan kọ́ ló sì ń dáàbò boni. Lónìí, gbé fóònù rẹ, fi ẹnu kọ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀ ní ìwọ nìkan, bí o ṣe kọ́kọ́ hun ún. Tí o bá ní èyí tí o ti fi ẹnu kọ sí fóònù tẹ́lẹ̀, kí ọ̀gá tó gbọ́ ọ, má pa á rẹ́ láéláé, torí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ. Fi ránṣẹ́ sí email ara rẹ. Kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tó o rántí. Lẹ́yìn náà, lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, àwọn tí ìjọba fún láṣẹ láti máa gba owó orin fún àwọn tó hun ún ní Nàìjíríà. Wọ́n ń bá irú wọn lókè òkun ṣe pọ̀, bíi PRS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò sí nínú ìwé wọn, wọn ò mọ̀ pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó.

Ìwé ìpín ló kàn, ojú ewé kan péré. Orúkọ orin, orúkọ àwọn tó hun ún, iye tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́, ìbuwọ́lù. Bí ọ̀gá bá tún ẹsẹ kan ṣe, tàbí tó fi oríkì kan kún un, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, má jiyàn rẹ̀. Bí onígìtá bá gbé ohùn ìbẹ̀rẹ̀ wá, kọ orúkọ tirẹ̀ náà. Ẹni tó ń bèèrè ẹ̀tọ́ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ti ẹlòmíì.

Ní ti bí o ṣe máa bá a sọ ọ́. Má sọ ọ́ lálẹ́ òde, nígbà tí gbogbo èèyàn ti rẹ̀, tí owó wà lórí tábìlì. Má sọ ọ́ níwájú àwọn onílù. Lọ bá a nílé, ní àárín ọ̀sẹ̀, lọ́sàn-án, kí ó ti jẹun. Kúnlẹ̀ kí i bí o ṣe máa ń kí i. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Sọ pé: “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, ọdún mẹ́fà rèé. Orin mẹ́ta tí mo gbé wá, ẹ fẹ́ràn wọn, ẹ sì ń kọ wọ́n, inú mi dùn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí orúkọ mi wà lábẹ́ wọn, pẹ̀lú tiyín. Mo ti mú ìwé wá, ẹ bá mi wò ó.” Fi ìwé síwájú rẹ̀, kí o dákẹ́. Má ṣe kún ọ̀rọ̀ náà. Ó lè ní òun máa ronú, jẹ́ kó rò ó, kí o padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Tó bá buwọ́ lù ú, máa gberin lẹ́yìn rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Tó bá kọ̀, má bá a jà, lọ sí òde Sátidé bí o ṣe máa ń lọ, kí o sì gberin dáadáa nítorí pé owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n orin kẹrin tó ti ń yí kiri lórí rẹ láti ọjọ́ mélòó kan, èyí tí mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ bí o ò tilẹ̀ sọ fún mi, má fi ẹnu kọ ọ́ nínú mọ́tò ẹgbẹ́. Jẹ́ kó wà nínú fóònù.